Àròkọ Káfíńtà

Lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà ní ìpéǹpéjú ọkùnrin náà nígbà tó wọ yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ó di àròkọ rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Káfíńtà ni; ó ń fi ìrọ̀lẹ́ kàwé. Obìnrin tó máa ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wo àṣìṣe wọn gba ìwé náà. Bírò pupa olùkọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán.

"Ẹ kọ ọ́ pé, 'Káfíńtà sọ fún oníbàárà pé ó ti ba tábìlì jẹ́.' Ta ló bà á jẹ́?"

"Èmi ni. Ọwọ́ mi ló yẹ̀."

"Bí ẹ ṣe kọ ọ́ yìí, ẹ ti di ẹ̀bi ru oníbàárà."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé gbólóhùn tó gùn jù, bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀.

"Ẹ sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ìṣó kan bá ti mú pákó, ṣé ẹ máa tún kan méjì lé e?"

Kò bá a kọ ọ̀rọ̀ kan. Ó kàn ń fi ìka tọ́ka ni, ọkùnrin náà á sì tún un kọ fúnra rẹ̀. Kó tó pé oṣù mẹ́ta, "ẹ" ti di "o" lẹ́nu wọn.

Ìyá obìnrin yìí ló sì jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣe máàkì. Nígbà tó ka àròkọ àṣekágbá káfíńtà, ó ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ èyí fún un."

"Màmá, n ò kọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀."

"Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹ jọ ń fẹ́ra. Tó bá jẹ́ òótọ́, wọ́n á lé e, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ. N ò ní lè gbà ọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá mú káfíńtà jókòó síwájú ara rẹ̀, ó fún un ní wákàtí kan láti kọ àròkọ tuntun: *Ìdí tí mo fi ń kàwé*. Ọmọbìnrin dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ó rí i tí ọkùnrin náà kọ ìlà kan, tó pa á rẹ́, tó tún gbé orí sọ́wọ́.

Ìyá kà á tán. "Kí ló dé tí o pa ìlà yìí rẹ́?"

"Mo kọ ọ́ pé torí ọmọ yín ni mo ṣe ń kàwé, mà. Ó dùn létí, àmọ́ kì í ṣòótọ́. Mo ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n."

Ìyá gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àròkọ àṣekágbá, ó rí i pé bákan náà ni wọ́n ṣe kọ méjèèjì. "Ìwọ lo kọ ti àkọ́kọ́," ó ní.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Mo ṣì ọ́ mú, ọmọ mi. Má bínú."

Káfíńtà tẹ̀ lé e jáde. "Mà, mo fẹ́ fi ọmọ yín ṣaya."

"Òun ni kí o bi."

Ó yíjú sí olólùfẹ́ rẹ̀. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ," obìnrin náà dáhùn, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìyá ti dé orí àtẹ̀gùn. Kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀ títí àwọn méjèèjì fi bá a.