Ariwo tí Kò Wá láti Ọ̀run

"Kò dún lónìí," Sìdíkátù wí. Ó gbé etí kúrò lára rédíò, ó sún un sọ́dọ̀ Gbóyèga. "Ìwọ náà gbọ́ ọ wò."

Gbóyèga tẹ etí mọ́ ọn. Ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n jókòó sí, nílé-ìwé gírámà kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní ọdún kejì tí owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba pín, jáde. Wáyà tí àwọn méjèèjì ta sórí òpó oparun gba ojú pápá kọjá, ó wá wọ inú rédíò náà. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń dún hàà-hàà-hàà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí inú wọn sì ń dùn pé ìràwọ̀ ni àwọn ń gbọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, kò sọ nǹkan kan.

"Jímọ̀ tó kọjá náà kò dún," Sìdíkátù ní. "Gbóyèga, ṣé ìràwọ̀ máa ń lọ kírun Jímọ̀ ni?"

Gbóyèga rẹ́rìn-ín. Sìdíkátù kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ sí òdìkejì títì, níbi tí bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Gàníyù ti ń fi iná jó irin pọ̀ lójoojúmọ́. Lónìí, bàbá náà ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó ti gba mọ́ṣáláṣí lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tọ́lá, olùkọ́ físíìsì wọn, ló fi ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ náà sí wọn lórí. Ó ní àwọn agbo ìràwọ̀ kan wà lọ́nà jíjìn réré, tí ìmọ́lẹ̀ wọn ti gbéra kí èèyàn tó dáyé. Ohun ńlá kan wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ń gbé ohun tó bá sún mọ́ ọn mì. Èyí tí kò bá rí gbé mì, á fi ipá tú u síta lápá méjì, bí omi tó ń tú lẹ́nu páìpù tó bẹ́, títí tí ìtújáde náà á fi gùn ju agbo ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn tó mọ́lẹ̀ jù nínú wọn ló ń jẹ́ kúásà. Etí lásán kò lè gbọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìgbì rédíò ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá sáyé. Odidi ọ̀sẹ̀ ni Sìdíkátù fi ń wo òkè bí ẹni tó sọ nǹkan nù síbẹ̀.

Ó lọ bá olùkọ́ náà ní ọ́fíìsì. Ẹran díndín ló ń jẹ.

"Sà, ariwo yẹn kì í ṣe ti agbo ìràwọ̀. Ẹ̀rọ tí bàbá Gàníyù fi ń jó irin ni wáyà wa ń gbé."

"Mo mọ̀," ni olùkọ́ wí.

Sìdíkátù rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Àwọn àlejò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ń bọ̀ ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá gbọ́ ọ, wọ́n á kọ́ ilé sáyẹ́ǹsì fún wa, wọ́n á sì fi mí ṣe ọ̀gá ibẹ̀. Ṣé o kò rí bí owó ṣe kún ìlú ni? Gbogbo ayé ló ń gbá a. Ta ló máa gòkè ọ̀run lọ wò ó bóyá òótọ́ ni?" Ó nu ọwọ́ ọlọ́ràá sára aṣọ tábìlì. "Bàbá yẹn kì í ṣiṣẹ́ lásìkò ìrun, wàhálà tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ìwọ àti òun lẹ jọ ń ṣe ẹ̀sìn kan. Lọ bẹ̀ ẹ́ kó bá wa jó àwọn àga irin wa pọ̀ lásìkò yẹn."

Sìdíkátù wo òróró tó ń dán létè rẹ̀. Ẹnu tó sọ ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ fún un náà nìyí.

Ó fẹ́ kọ̀. Gbóyèga ní bó bá kọ̀, olùkọ́ máa jẹ́ kí àwọn méjèèjì fìdí rẹmi nínú ìdánwò. "Pa ẹnu mọ́ jàre," ló wí. "Ta ni kì í parọ́?" Ẹ̀rù ba Sìdíkátù, ó sì lọ.

Gàníyù bọ́ gíláàsì dúdú kúrò lójú, ó tẹ́tí sí i bó ṣe ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá ilé-ìwé jó àga irin pọ̀ lásìkò ìrun, nítorí ẹ̀kọ́ ìràwọ̀ wọn. "Mi ò pa Jímọ̀ jẹ rí láti ìgbà tí mo ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́," ó ní. "Àmọ́ ìmọ̀ lẹ̀ ń wá. Ọlọ́run á forí jì mí. Màá ṣe é, ọmọ mi."

Sìdíkátù dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ náà kan lẹ́nu rẹ̀ bí ògì àná.

Nígbà tí Jímọ̀ pé, àwọn àlejò dé pẹ̀lú mọ́tò tuntun. Mọ̀dínátù, ìyá Sìdíkátù tó ń ránṣọ ní Shasha, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kó lè wá. Rédíò dún hàà-hàà-hàà, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ bá ní kí ìyá ọmọ wá gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ rí.

Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó gbé etí lé rédíò. Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọba tó dá èyí," ó rọra ń wí. "Ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀, mo ń gbọ́ ọ."

Sìdíkátù gbójú sókè. Ó rí i tí olùkọ́ yíjú sí Gbóyèga, tó ń fi ìyá òun rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìríra gbé e dìde. Olùkọ́ yẹn rí i lára, ṣùgbọ́n ara òun fúnra rẹ̀ ló rí i lára jù.

"Ẹ dìde, Màmá," ó ní. "Iná tí bàbá Gàníyù fi ń jó irin lẹ̀ ń gbọ́. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n pa Jímọ̀ jẹ."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ránṣẹ́ sódìkejì títì pé kí Gàníyù dúró. Rédíò dákẹ́. Àwọn àlejò kò mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n gbé ka iwájú wọn tí wọ́n fi lọ.

Wọn kò kọ́ ilé sáyẹ́ǹsì kankan. Wọ́n gbé Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tọ́lá lọ síbòmíràn. Gbóyèga kò bá Sìdíkátù sọ̀rọ̀ mọ́, àwọn ọmọ kíláàsì sì ń pòṣé bó bá ń kọjá. Ó fara da gbogbo ìyẹn. Èyí tí kò lè fara dà ni ọjọ́ tí òun àti ìyá rẹ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú Gàníyù. Bàbá náà kò jágbe. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mo ti forí jì ẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n Jímọ̀ yẹn ti lọ."

Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ìyá rẹ̀ ní, "Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìwọ fi tẹrú jẹ́ ẹ, ó sì kó mi nírìíra. Nítorí pé o padà jẹ́wọ́ ni mo ṣe lè wo ojú rẹ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, àgbà tó bá rán yín níṣẹ́ irọ́, ẹ fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbéra. Òtítọ́ tó pẹ́ dé wúlò, àmọ́ yóò bá ẹni tí irọ́ ti pa lára nílẹ̀.