Ìka Márùn-ún Nínú Ẹrẹ̀

Ipa ẹsẹ̀ kan ló kọ́kọ́ sọnù. Òjò ti rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà, àgbàlá wa ní Ìkàrẹ́ sì di ẹrẹ̀. Mo sáré ti òde dé, mo wẹ̀, mo jẹun. Nígbà tí mo tún jáde láti sá aṣọ, mo rí ipa ẹsẹ̀ mi tó tò láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún. Láàárín wọn, níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ ọ̀tún kan wà, ihò ni mo bá. Ẹnì kan ti bu ilẹ̀ ibẹ̀ kúrò yípo yípo, ó sì ṣe é jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣí ewé kúrò lára mọ́ínmọ́ín.

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní adìyẹ ni. Mo mọ̀ pé adìyẹ kì í gbẹ́ ilẹ̀ báyẹn, àmọ́ èmi Safinat, bí nǹkan bá ti fẹ́ dẹ́rù bà mí, ẹ̀rín ni mo máa ń kọ́kọ́ rín.

Olùkọ́ ni mí. Eré ìdárayá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé aládàáni kan nílùú wa, eré sísá sì ni fàájì tèmi. Kò sí eré ìje tí wọ́n sá ní Àkókó yìí, ì báà jẹ́ ti Iléyá, ì báà jẹ́ ti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, tí n kì í sí níbẹ̀. N kì í gba ipò kìíní. Wọ́n á fún mi ní ike omi àti súwẹ́tà tí kò bá mi mu, inú mi á sì dùn délé. Àwọn ará àdúgbò tó ń rí obìnrin pẹ̀lú híjáàbù tó ń sáré lórí títì láàárọ̀ kùtù kò yéé bi mí pé, "Àńtí, kí ló ń lé yín?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e.

Ẹ̀gbọ́n mi Yínúsà ló fi bàtà tí mo fi ń sáré ránṣẹ́ láti Kánádà. Bàtà náà ní ìka. Bí ìbọ̀wọ́ ṣe rí fún ọwọ́, bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹsẹ̀: ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé bí mo bá tẹ òkúta, mo mọ bí òkúta náà ṣe rí. Yínúsà ní bàtà tó nípọn ló ń ba orúnkún jẹ́, pé ẹsẹ̀ fẹ́ mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Ó wá yan èyí tó dúdú gẹ́lẹ́ bí ara mi. Abdulqoyum, ọlọ́kadà tí a jọ máa ń sáré, ń pè é ní bàtà ọ̀bọ.

Yèyé mi, Limota, kò mọ̀ pé bàtà kankan wà. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, ó sì gbà pé ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń sáré kiri bí ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé ọkọ. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, nítorí a kì í dárúkọ Yínúsà nílé wa. Láti ìgbà tó ti lọ, kò wálé. Bàbá wa kú, a sin ín, orí fóònù ni Yínúsà ti sunkún. Láti ọjọ́ náà ni Yèyé ti ń sọ pé ọmọ tó bá ti wọ mọ́tò kúrò ní Àkókó, àwòrán rẹ̀ ló kù síni lọ́wọ́.

Nígbà tí òjò yẹn rọ̀, ilé-ìwé kan ní Jọ́ọ̀s ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síṣẹ́ ni. Ìlú àwọn tó mọ eré sá gidi ni Jọ́ọ̀s. Mo fẹ́ lọ gan-an ni. Mo ti fẹ́ kúrò ní Ìkàrẹ́ láti kékeré, n kò kàn rí ẹni tí màá sọ fún ni. Mo sọ fún Yèyé pé tí mo bá ti sá eré ìje Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà tán, màá máa lọ. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ipa ẹsẹ̀ náà sọnù, èmi àti Abdulqoyum jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Ara mi yá. A gba Akùngbá kọjá, a dé ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ sí Ọ̀kà, níbi tí àwọn aṣe-títì ti da ọ̀dà tuntun. Ọ̀dà náà ṣì ń rùn. Mo rò ó nínú ara mi pé ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò tíì yọ. Mo kọjú sí òkè Ọ̀kà, mò ń lọ. Mo ṣẹ́jú, mo rí obìnrin ológì kan tí mo ti kí kọjá lẹ́ẹ̀kan níwájú mi.

Mo gbọ́ ohùn Abdulqoyum lẹ́yìn mi, ó ti jìnnà díẹ̀. "Safi, ibo lò ń lọ?"

"Ọ̀kà ni. Ibo ni à ń lọ tẹ́lẹ̀?"

"Ìkàrẹ́ lo kọjú sí."

Yàtọ̀ sí ológì náà, àwa nìkan la wà lójú títì, síbẹ̀ ńṣe ló rọra sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Mo yí padà, mo tún sáré dé orí ọ̀dà náà, mo tún bá ara mi tí mò ń sọ̀ kalẹ̀. Òòyì kò kọ́ mi, orí kò fọ́ mi. Abdulqoyum ní òun ń wò mí dáadáa, pé mi ò dúró, mi ò sì yà. Ó ní ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ yí, ara mi wá tẹ̀ lé e.

A ní àárẹ̀ ni. Àárẹ̀ rọrùn láti gbà gbọ́. Mo sinmi dọjọ́ ìje.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n fọn fèrè ní Ìkàrẹ́, a gbéra. Mo ṣe dáadáa, kò sí obìnrin tó ju mẹ́ta lọ níwájú mi nígbà tí a kọjá Akùngbá. Bí mo ṣe dé orí ọ̀dà tuntun, mo tẹjú mọ́ òkè, mo ní n kò ní ṣẹ́jú. N kò ṣẹ́jú. Àmọ́ àwọn sárésáré tó yẹ kí wọ́n wà lẹ́yìn mi ni mo rí tí wọ́n ń bọ̀ wá pàdé mi, òógùn lójú gbogbo wọn.

"Àńtí, ibẹ̀ kọ́ o," ni ọ̀kan nínú wọn wí bó ṣe ń kọjá lára mi.

Àwọn èrò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rẹ́rìn-ín. Mo yí padà. Mo tún sáré, mo tún bá ara mi níbi tí mo ti ń bọ̀. Mo ṣe é, mo tún un ṣe, títí àwọn èèyàn kò fi rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo jókòó sórí títì, mo ń sunkún. Ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí ògiri, kò sí ẹni tó dì mí mú, n kò sì lè jáde níbẹ̀.

Abdulqoyum ló padà wá bá mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ mi títí.

"Bọ́ bàtà ọ̀bọ yìí," ó ní.

"Kí ló kan bàtà?"

"Bọ́ ọ ná, Safi. Jọ̀ọ́."

Ó ṣòro láti bọ́. Nígbà tó jáde tán, inú rẹ̀ gbóná bí abẹ́ apá èèyàn. Mo mú un dání, mo fi ẹsẹ̀ lásán gun òkè náà, kò sí ohun tó dá mi padà. Èmi ni mo wọ Ọ̀kà kẹ́yìn gbogbo wọn. Wọ́n ti ń kó àga jọ, síbẹ̀ wọ́n fún mi ní ike omi.

Yèyé jókòó lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo délé, tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O dé Ọ̀kà?" ó bi mí.

"Mo dé Ọ̀kà, Yèyé."

Kò kí mi kú oríire. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí tẹ̀súbáà. "Ẹsẹ̀ wo lo fi dé ibẹ̀?"

Mo gbé bàtà náà lé e nítan. Ó fọwọ́ tọ́ ọ wò, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi dé ọmọńdinrín. Ó tún padà ka àwọn ìka náà.

"Kí lèyí?"

"Bàtà mi ni. Yínúsà ló fi ránṣẹ́."

"Ìka márùn-ún ni mo rí nínú ẹrẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá. "Safi, ṣé bàtà a máa ní ìka ni?"

Nígbà náà ló jẹ́wọ́. Bàbá kan wà ní Ẹ̀pìnmì tó máa ń bá àwọn èèyàn ṣe nǹkan. Ó ní kí Yèyé bu erùpẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ wá, òun yóò rì í sójú ọ̀nà tí ọmọ náà ń tọ̀. Kò ní pa á lára. Kò kàn ní lọ ni. Yèyé sọ gbogbo rẹ̀ láìgbójú sókè. Inú bí mi, ohun tó sì dùn mí jù ni pé n kò lè pè é ní ọ̀tá mi.

Abdulqoyum fi ọ̀kadà gbé wa lọ sí Ẹ̀pìnmì kí bàbá náà lè tú ohun tó dì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin la bá. Bàbá ti kú, wọ́n ti sin ín. Ọmọ náà mọ̀ nípa erùpẹ̀ ọ̀hún, òun gan-an ló bá bàbá rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀kà, kí àwọn aṣe-títì tó da ọ̀dà lé e. Ó ní ohun tí bàbá òun bá rì, bàbá òun nìkan ló ń wú u.

Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Mo ní a ti rí i pé bàtà ló dè, kò dè mí, ẹ̀bìtì tí kò pa eku, kó fẹ́yìn fẹ́lẹ́yìn.

Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀bìtì yẹn ò tíì kọ̀, Àńtí," ó ní. "Eku ni ò tíì dé."

Mo fẹ́ dáná sun bàtà náà, Yèyé kò gbà. Ó ní a kì í sun ohun tí a kò mọ ibi tí wọ́n so ó mọ́. Ó kó o sínú àpótí rẹ̀. Mo wọ sálúbàtà mi, mo wọ mọ́tò lọ sí Jọ́ọ̀s, mọ́tò náà kò sì yí padà.

Jọ́ọ̀s dára fún mi. Òtútù ibẹ̀ le, àmọ́ àwọn ọmọ náà mọ eré sá, wọ́n sì ń gbọ́ràn. Mo ń pe Yèyé lójoojúmọ́. Ohùn rẹ̀ yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, bí mo bá bi í, á ní ilẹ̀ lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá tán.

Abdulqoyum ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Safi, má bínú o. Mo rí Yèyé lójú ọ̀nà Ọ̀kà."

"Ṣé wọ́n ń lọ sọ́jà ni?"

"Wọ́n ń sáré."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ ti mọ̀ mí. Obìnrin tí a ń fà dìde lórí àdúrà nítorí orúnkún. Ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi.

Mo wálé. Mo lọ dúró sórí ọ̀dà náà bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, mo sì rí i tó ń bọ̀ láti apá Akùngbá. Ó ti fi ìborùn gbàjá, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọnrangandan. Ó sáré dé ibi tí mo wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yí, ara rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"O ti dé," ó ní, kò sì dúró. Mo sáré tẹ̀ lé e títí a fi délé.

Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Yèyé, ẹ jẹ́ n bọ́ bàtà náà."

"Mo kàn ní kí n tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ wò ni," ó ní. "Òórùn rẹ ló wà nínú rẹ̀. Ilé ti dákẹ́ jù."

Mo fi ìka wá etí bàtà náà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo wá a yí ká, n kò rí i. Láti ojúgun dé gìgísẹ̀, ara kan náà ni. Mo fi èékánná gbìyànjú láti ká a, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó ní mò ń ṣe òun léṣe. Mo wo ìka rẹ̀. Máràárùn-ún wà níbẹ̀, kò sí èékánná lórí ọ̀kankan. Nọ́ọ̀sì tí mo pè wá wò ó, ó ní ẹsẹ̀ ni, pé kí ni mo fẹ́ kí òun bọ́?

Láràárọ̀ ló ń jáde. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn, yóò máa sáré lójú kan nínú yàrá títí màá fi ṣí i. Kì í dúró mumi àfi bí mo bá sáré tẹ̀ lé e, tí mo gbé omi náà sí i lẹ́nu. Ojú rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ń jìyà. Ó ní òun bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ òun wà lọ́dọ̀ òun, òun sì dúpẹ́.

Ilé-ìwé Jọ́ọ̀s pè mí títí, mo sì fi dá ara mi lójú pé màá padà. Mo bá obìnrin àdúgbò kan sọ ọ́ pé kó máa bá mi tọ́jú Yèyé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Yèyé sùn, mo gbé báàgì mi lọ sí gáréèjì. Sálúbàtà lásán ló wà lẹ́sẹ̀ mi. Awakọ̀ ní ó ku ẹnì kan, ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo gbé ẹsẹ̀ sókè kí n wọlé, mo tilẹ̀ kí àwọn tó wà nínú mọ́tò. Nígbà tí mo máa ṣẹ́jú, géètì wa ni mo ń ṣí. Bàtà ti di ẹran ara ìyá mi, eku sì ti dé.

Yèyé ti jí. Ó ti bu oúnjẹ ẹni méjì sílẹ̀.