Àwọn Tó Ń Kà Lẹ́yìn Fèrèsé

Aago mẹ́wàá àárọ̀ géérégé ni kíkà náà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ohùn àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni, lẹ́yìn fèrèsé pálọ̀, wọ́n ń ka nọ́ńbà sísàlẹ̀: ogún, ó dáa, mọ́kàndínlógún, ó dáa, méjìdínlógún, ó dáa. Tí wọ́n bá dé orí mẹ́jọ, wọ́n á dákẹ́.

Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ń nu gíláàsì ilé ni. Àmọ́ àjà kọkànlá la wà, ní Weston, ní Kánádà, nígbà tí mo sì yọjú, odò Humber nìkan ni mo rí nísàlẹ̀, àti yìnyín.

Bàbá Doyle ni mo ń tọ́jú níbẹ̀, ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún. Mo bi Shukurat, tó máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́sàn-án, bóyá òun náà ti gbọ́ wọn rí.

"Auntie Fúnkẹ́, ẹ lọ sùn jàre," ó ní. "Double shift ló ń bá yín sọ̀rọ̀."

Àmọ́ ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kò sì wo apá ibi tí fèrèsé wà.

Láti ìgbà tí Àlàmú ọkọ mi ti kú ní February, nǹkan díẹ̀ ló kù tó ń fa ọkàn mi mọ́ra. Èyí fà á. Mo bi Bàbá fúnra rẹ̀.

"Ìwọ náà ń gbọ́ wọn," ó ní jẹ́jẹ́.

Ó wá sọ fún mi. Bàtálíọ̀nù tòun ni wọ́n, àwọn ọmọ ogun Kánádà tó ń fi páráṣúùtì bẹ́ láti òfurufú, tí wọ́n fi sábẹ́ díwísọ̀n irú wọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní June 1944, wọ́n bẹ́ sí Normandy, níbi tí omi ti bo oko, tí ẹrù ẹ̀yìn sì ri àwọn kan mọ́lẹ̀. Kérésìmesì ọdún náà bá wọn nínú òtútù. Ní March, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, wọ́n bẹ́ sí òdìkejì odò Rhine ní Jámánì. Ogún ènìyàn ló tò tẹ̀lé ara wọn nínú ọkọ̀ òfurufú tirẹ̀. Kálukú ní okùn tí wọ́n fi kọ́ sára wáyà lókè, òun ni yóò fa páráṣúùtì ṣí.

"Kò sẹ́ni tó lè rí ẹ̀yìn ara rẹ̀," Bàbá ní. "Ẹni tó wà lẹ́yìn ló máa fọwọ́ kan okùn ẹni iwájú. Yóò pe nọ́ńbà tirẹ̀ pé ó dáa, yóò sì gbá a léjìká."

"Nọ́ńbà mélòó ni tiyín, sà?"

"Méje. Ìbọn ń ba ọkọ̀ wa. Mo pariwo pé ó dáa. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Nọ́ńbà mẹ́fà ńkọ́?"

"Páráṣúùtì rẹ̀ ò ṣí. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá èmi ni mo fà á."

Mo lọ sí kíṣìnì bí ẹni fẹ́ po tíì. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Àlàmú kú, àbúrò rẹ̀ obìnrin pè mí láti Ìbàdàn. "Ìyàwó wa, bọ̀dá mi ńkọ́? Wọ́n ní àyà ń dùn wọ́n lánàá." Mo ti wọ bàtà snow, bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀. Mo ní wọ́n wà dáadáa, wọ́n ń sùn. Mi ò ṣílẹ̀kùn yàrá. Mi ò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ka mẹ́jọ, Bàbá di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde.

"Fúnkẹ́, dúró síwájú mi. Kọjú sí fèrèsé."

Mo dúró. Ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀yìn mi. Aṣọ iṣẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ni mo wọ̀, síbẹ̀ mo mọ̀ ọ́n lára tí ìgbànú páráṣúùtì tó nípọn fún mi léjìká méjèèjì, tí irin tútù sì kàn mí lọ́rùn. Ó fà á.

"Okùn náà kò kọ́," ó ń mí hẹlẹ. "Kò kọ́ nígbà yẹn." Nǹkan kan ró kẹ́ẹ́. "Ó ti kọ́ báyìí."

Ó wá pariwo, pẹ̀lú ohùn ọmọ ogún ọdún: "Méje, ó dáa!" Ó gbá mi léjìká.

Ìta dákẹ́. Mo mọ̀ pé èmi ni mẹ́fà, èmi ni wọ́n ń dúró dè. Mo na ọwọ́ síwájú, níbi tó yẹ kí gíláàsì wà, aṣọ ni ọwọ́ mi bà. Jákẹ́ẹ̀tì òtútù ni. Ó ti ya lẹ́yìn, wọ́n sì ti rán an. Mo fi ìka tọ ojú ibi tí wọ́n ti rán an. Mi ò rí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé òwú pupa ni. Èmi ni mo rán an fún Àlàmú.

Mi ò lè pe mẹ́fà pé ó dáa.

Nígbà tí mo yíjú padà, Bàbá ti wà lórí àga. Ẹ̀rín díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti kú.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, mo ń di irun Oyíndà ọmọ mi nínú ilé wa ní Jane and Finch. Aago mẹ́wàá lù. Kíkà bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé wa. Ó kọjá mẹ́jọ.

"Méje, ó dáa!" Ohùn Bàbá Doyle ni.

Gbogbo rẹ̀ wá dákẹ́.

Oyíndà yí orí padà lábẹ́ ọwọ́ mi, kóòmù ṣì wà nínú irun rẹ̀. "Mummy, why did they stop?"

Mẹ́fà, nọ́ńbà tèmi, ló kàn. Jákẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí ìkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi.