Àmì Táyà Lójú Ọ̀nà Mustaniemi

Gbàù! Gbàù!

Gíláàsì ilé epo Mustaniemi fọ́ yángá, ó dà sílẹ̀ wàràwàrà bí òjò yìnyín.

"Kí ẹnikẹ́ni má mira níbẹ̀ yẹn!" Torsti Kupari bú ramúramù. "Ẹni tó bá dán an wò á sun oorun àìjí!"

Ta ni yóò mira? Òru àjọ̀dún àárín ẹ̀ẹ̀rùn ni, tí gbogbo ará Finland máa ń kó lọ sí etí adágún, tí ìlú á sì dá páropáro bí oko tí a ti kórè. Ìyá Hilkka Sorvali nìkan ni ó wà nídìí ọjà. Àwọn olè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ dúró de òkùnkùn, nítorí pé òkùnkùn kì í wá lásìkò náà. Oòrùn kàn ń fara pamọ́ díẹ̀ sẹ́yìn igbó ni, ojú ọ̀run á sì pọ́n bí epo títí di òwúrọ̀.

"Torsti, ṣe kíá jàre!" Samppa, awakọ̀ rẹ̀, pariwo láti ìdí ọkọ̀. "Àbí kọfí lo fẹ́ rà ni?"

"Panu dé, kí o di ọkọ̀ rẹ mú!" Torsti fọwọ́ kan eyín béárì, oògùn ìṣọ́ra rẹ̀, tí ó so mọ́ ẹ̀wọ̀n fàdákà lọ́rùn. "Níwọ̀n ìgbà tí bàbá yìí bá wà láyà mi, ọlọ́pàá tó máa mú mi, wọn ò tíì bí ìyá ẹ̀!"

Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan yọ lórí òkè.

Kaisu Rautakoski ni ó wà nínú rẹ̀, òun nìkan ṣoṣo. Ó kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní yunifásítì kí ó tó di ọlọ́pàá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa wádìí ìjàǹbá ọkọ̀. Lọ́dọọdún, òun ni ó máa ń gba iṣẹ́ òru àjọ̀dún, nítorí pé kò ní ẹni tí yóò bá lọ sí etí adágún. Lọ́dọọdún náà ni Ìyá Hilkka máa ń wà nídìí ọjà, nítorí ìdí kan náà. Àwọn méjèèjì a sì jọ jẹun.

Kò tíì pẹ́ tí ìyá náà pè é lórí fóònù.

"Ọmọ mi, mo ti ń rí iná ọkọ̀ rẹ ní òkèèrè ọ̀hún. Mo ti gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ mi, ọ̀dùnkún ti wà lórí tábìlì. Tètè dé, kí ebi má lu ìyá ẹ pa!"

Ó fi ṣe àwàdà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ti gún abẹ́rẹ́ náà kò bá jẹun, ṣúgà ara rẹ̀ yóò máa wálẹ̀, yóò máa wálẹ̀, títí tí yóò fi dákú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì tètè rí i, ó di gbére.

Torsti rí ọkọ̀ ọlọ́pàá. Ó di ìyá náà lápá mú, ó sì jù ú sí ẹ̀yìn ọkọ̀ bí ẹrù.

Gbàù!

Gíláàsì iwájú ọkọ̀ Kaisu fọ́. Ó fa ìbọn tirẹ̀ yọ, ó nà án, ó sì rí irun funfun Ìyá Hilkka nínú fèrèsé ẹ̀yìn. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Vùùùùn! Ọkọ̀ àwọn olè fò sójú títì. Vùùùùn! Kaisu tẹ̀ lé e. Afẹ́fẹ́ ń gbá a lójú láti inú gíláàsì tí ó fọ́. Igi ń sá sẹ́yìn lápá ọ̀tún, wọ́n ń sá sẹ́yìn lápá òsì. Àwọn olè yí kọ́nà, igbó sì bò wọ́n.

Nígbà tí Kaisu yí kọ́nà náà, ọ̀nà gbọọrọ ni ó bá. Ó sáré títí ó fi dé oríta tí ó wọ òpópónà ńlá.

Kò sí ọkọ̀. Kò sí eruku. Kò sí nǹkan kan.

Ó pe Ọ̀gá Lindroos lórí rédíò. Ọ̀gá wà ní etí adágún tirẹ̀. Kaisu ń gbọ́ bí ẹran ṣe ń ta ṣáṣá lórí iná.

"Wọ́n ti já ẹ sílẹ̀, ọmọdébìnrin," ni Ọ̀gá wí. "Awakọ̀ kan rí wọn lẹ́bàá ilé epo. Ọgọ́sàn-án kìlómítà ni wọ́n ń sá! Wọ́n ti dé òpópónà, gbogbo ọkọ̀ wa ti ń lọ síbẹ̀."

"Ọ̀gá, ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n gbé. Kò lè já mi sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Hilkka sì ti gún abẹ́rẹ́, kò tíì jẹun!"

"Ṣé kí n fò ni? Dúró ní oríta yẹn."

Kò dúró. Ó yí padà, ó sì ń rọra bọ̀.

Ọta Torsti ni ó ràn án lọ́wọ́. Ká ní gíláàsì iwájú ṣì wà níbẹ̀ ni, kì bá tí gbọ́ òórùn náà: òórùn rọ́bà tí ó jóná, tí ó ṣì gbóná.

Ó bọ́ sílẹ̀. Ìlà dúdú méjì ni ó nà lójú títì níbẹ̀ bí ilà ojú. Nígbà tí ó gba ibẹ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́, wọn kò sí níbẹ̀.

Ó fi okùn ìwọ̀n wọ̀n wọ́n: mítà méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó gbé táyà kékeré kan tí ó ti da sìmẹ́ńtì sí nínú jáde láti búùtù, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí bàbá rẹ̀ olóògbé fi ń wọn ẹja. Ó gbé táyà náà kọ́ ọ: kílò mẹ́wàá. Ó wá fà á lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì náà: kílò méje. Ìdá méje nínú mẹ́wàá ìwúwo ọkọ̀ ni ọ̀nà yìí fi ń di táyà mú. Ó fi agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra sọ ọ́ di púpọ̀, ó fi gígùn àmì náà sí i, ó sì ṣírò eré tí ọkọ̀ náà ń sá lórí fóònù.

Àádọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kaisu dúró láàárín títì tí ó ṣófo náà. Ta ni olè tí ọlọ́pàá ń lé, tí ọ̀nà sì gba eré, tí ó wá dẹ ẹsẹ̀ sí àádọ́rin?

Ẹni tí ó ń wá ibi tí yóò yà sí ni!

"Ọ̀gá," ni ó wí lórí rédíò, "mo ti rí ibi tí wọ́n ti tẹ bíréèkì. Àádọ́rin ni wọ́n ń sá. Wọn ò dé òpópónà rárá."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Àwọn ọmọ tó ń fi ọkọ̀ bàbá wọn ṣe fààjì ló ya yẹn sílẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi táyà kọ orúkọ sójú títì."

"Àmì fààjì a máa dúdú níbẹ̀rẹ̀, a sì máa ṣá lọ, torí ńṣe ni táyà ń yí lórí ìdúró kí ọkọ̀ tó gbéra. Àwọn èyí ṣá níbẹ̀rẹ̀, wọ́n dúdú níparí. Ẹni tó ń dúró ni."

"Awakọ̀ ní ọgọ́sàn-án!"

"Lẹ́bàá ilé epo, Ọ̀gá, níbi tí wọ́n fẹ́ kí ayé ti rí wọn! Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ máa fi dúró á gùn ní ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá jẹ́ ogóje péré ni wọ́n ń sá níbí, àmì yìí ì bá gùn ju ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Ẹ fún mi ní ọkọ̀ méjì péré."

"Pa dà sí oríta. Ìṣirò ilé-ìwé kì í mú olè."

Rédíò dákẹ́.

Inú bí Kaisu. Àgọ́ ọlọ́pàá ti wà ní Mustaniemi rí. Ìjọba tì í pa, wọ́n ní àwọn tí ń gbé ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ìyá kan ṣoṣo, ṣé òun náà kò tó nǹkan?

Ó mú ìgò omi èso oníṣúgà rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé àmì náà dé òpin. Níbẹ̀, òòtẹ̀ táyà méjì tún wà, tí wọ́n yí sẹ́yìn. Ọkọ̀ náà ti kọjá ibi tí ó ń wá, ó dúró gbọn-in, ó fi ẹ̀yìn rìn. Lẹ́yìn ẹ̀ka igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé dí ojú ọ̀nà kékeré kan, ipa ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọ inú igbó lọ.

Ó fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ̀fọn bò ó. Ẹyẹ kan ṣoṣo ń ké níbì kan, kò sì sí èkejì tí ó dá a lóhùn.

Adágún là níwájú rẹ̀. Ilé onípákó kan dúró létí omi, fèrèsé rẹ̀ wà ní títì pa, koríko sì ti dé àtẹ̀gùn. Ilé tí a ti pa tì ni.

Ṣùgbọ́n sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ń rú èéfín!

Kaisu fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ènìyàn lè jalè, ó lè yìnbọn, ó lè jí ìyá oníyàá gbé. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ilẹ̀ yìí rí sáúnà létí omi lóru àjọ̀dún, kí ó má dáná sí i? Kò ṣeé ṣe.

Ó yọ́ wọ yàrá ìbọ́ṣọ. Ìhòòhò ni a ń wọ sáúnà, irin kì í sì í wọ ibẹ̀, nítorí pé yóò jó ni lára. Ṣòkòtò méjì wà lórí ìjókòó. Ìbọn méjì wà lórí ṣòkòtò. Lórí ìṣó, eyín béárì ń mì dirodiro lórí ẹ̀wọ̀n fàdákà rẹ̀.

"Da omi sí i, Samppa! Àbí o ń bẹ̀rù ooru bí ọmọ ìlú ńlá?" Ohùn Torsti ń bọ̀ láti inú.

Kaisu kó ìbọn méjèèjì. Ó fi àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi kan tí ó bá níbẹ̀ ti ilẹ̀kùn sáúnà pa láti ìta.

"Ọlọ́pàá! Ẹ jókòó jẹ́ẹ́!"

Gbì! Gbì! Ilẹ̀kùn mì. Àjẹ̀ dúró.

"Ṣílẹ̀kùn! Ooru máa pa wá!"

"Ẹ yéé da omi sórí òkúta gbígbóná yẹn nígbà náà!"

"Eyín mi dà?" Torsti ń kígbe. "Samppa, eyín mi dà?"

"O ò ṣe wọ̀ ọ́ wọlé, bàbá aláyà líle?" Samppa dá a lóhùn tẹkúntẹkún.

Kaisu ti sáré dé ìdí ọkọ̀ wọn lẹ́yìn ilé. Ìyá Hilkka dùbúlẹ̀ ní ẹ̀yìn, òógùn tútù bò ó, ojú rẹ̀ ṣí, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan.

"Màmá! Màmá, èmi ni. Ẹ gbé e mì. Díẹ̀. Ẹ tún gbé e mì."

Omi èso dà sí àgbọ̀n rẹ̀. Ètè rẹ̀ mira. Ó gbé ẹ̀kún ẹnu kan mì. Ó gbé òmíràn.

Ó pẹ́ kí ojú náà tó mọ ẹni tí ó ń wò.

"Ọ̀dùnkún ti tutù," ni ìyá náà wí wúyẹ́wúyẹ́.

Kaisu sunkún, ó sì fi fóònù pe ọkọ̀ aláìsàn àti Ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ni ó pa dà sí sáúnà, ó yọ àjẹ̀ kúrò, ó sì nàbọn. Ọkùnrin méjì oníhòòhò tí wọ́n pọ́n bí edé jáde wá pẹ̀lú ọwọ́ lókè, ó sì kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí wọn lọ́wọ́.

Nígbà náà ni àwọn ọkọ̀ yòókù tó dé. Wíúù! Wíúù! Ọ̀gá Lindroos bọ́ sílẹ̀, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì sọ fún àwọn oníròyìn pé eré sísá àwọn ọkọ̀ òun ni ó mú olè.

Kaisu kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó ń wo ọkọ̀ aláìsàn tí wọ́n ń gbé Ìyá Hilkka wọ̀.

"Ta ló ń dúró dè ẹ́ nílé?" ni ìyá náà bi í.

"Kò sẹ́nì kankan, Màmá."

"Èmi náà, kò sí." Ilẹ̀kùn sé.

Nígbà tí iṣẹ́ òru Kaisu parí, oòrùn ti gòkè. Òun nìkan ni ó wà lójú ọ̀nà Mustaniemi. Ó gba orí àmì dúdú méjì náà kọjá. Ó ń sáré, bí ẹni tí kò ní ibi kankan tí yóò yà sí ṣe ń sáré.

Pátákó ilé ìwòsàn yọ níwájú.

Ó dẹ ẹsẹ̀. Ó tẹ bíréèkì jẹ́jẹ́, ó sì yà.

Kò sí àmì kankan lójú títì.