Ọkọ̀ Tí Kò Rìn Jìnnà Náà Ní Ọjọ́ Sáfíìsì

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ẹ di èjìká mi mú dáadáa.”

“Mo ti dì í mú. Ìwọ ni kó o dúró ire, torí bí mo bá ṣubú lù ọ́, ìwọ ni wọ́n máa gbé lọ sí ọsibítù, èmi á kàn bá ọ lọ ni.”

Báyìí ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì wọn. Àbúrò jẹ́ agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi gbẹ̀bí, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Agbẹ̀bí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ aránṣọ kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú un lápá òsì àti lẹ́sẹ̀ òsì. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lọ sí ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń na apá rẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ́ ọ bí yóò ṣe tún máa rìn.

Nítorí ìrìn yìí ni Ìyá Agbẹ̀bí ṣe fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ọkọ̀. Tuntun gan-an ni o, kì í ṣe àlòkù. Iléeṣẹ́ tó ta ọkọ̀ náà fún un ní wárántì ọdún mẹ́ta, ìyẹn ni pé bí páátì kan bá bàjẹ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn ni yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fún un ní ìwé pélébé kan mọ́ ọn. Ó fi ìwé náà sínú àpótí kékeré iwájú ọkọ̀, kò sì ṣí i wò.

Ó tọ́jú ọkọ̀ náà bí ẹni tọ́jú ẹyin. Ó ń nù ún láràárọ̀. Ó ra aṣọ tó fi ń bò ó kí oòrùn má baà pa á lára. Bí ẹnikẹ́ni bá fara ti ilẹ̀kùn rẹ̀, á fẹ̀sọ̀ ní kí onítọ̀hún sún síwájú díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò ṣe: kò gbé e padà lọ fún sáfíìsì, ìyẹn àyẹ̀wò àti pípààrọ̀ ọ́ìlì.

Kì í ṣe pé wọn ò rán an létí. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù rẹ̀ pé ọkọ̀ rẹ̀ ti tó sáfíìsì, kó pè kí wọ́n fún un ní ọjọ́ tí yóò gbé e wá.

Ó fi han aládùúgbò rẹ̀ kan, Bàbá Dẹ́rẹ́bà, tó wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ojú rẹ̀ kò fi gbé e mọ́.

Bàbá Dẹ́rẹ́bà na fóònù náà jìnnà sí ojú ara rẹ̀. “Kìlómítà mélòó lẹ ti rìn, Ìyá Agbẹ̀bí?”

“Ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀.”

“Ẹgbẹ̀rún kan! Ọkọ̀ yín ò tíì jí lójú oorun nìyẹn. Nígbà tiwa, ọ̀nà tí ọkọ̀ bá rìn la fi ń mọ ìgbà tó yẹ ká pààrọ̀ ọ́ìlì. Èyí tó kàn ń lọ sí ọsibítù tó ń bọ̀, kí lẹ fẹ́ ṣe lára rẹ̀? Ta ló tilẹ̀ mọ̀ bóyá àwọn oníjìbìtì ló fi iṣẹ́ yẹn ránṣẹ́?”

Ọ̀rọ̀ oníjìbìtì yẹn ló wọ Ìyá Agbẹ̀bí létí jù. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lu ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní jìbìtì. Ó pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Nígbà tí èkejì dé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà mìíràn, ó pa ìyẹn náà rẹ́.

Ní oṣù kẹrìnlá, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù nínú ọkọ̀ náà daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n ń lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́kọ́kọ́ bó bá ti ṣáná sí i láàárọ̀. Wọ́n tún ń lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, bí wọ́n ṣe ń ti ọsibítù bọ̀, ẹ̀gbọ́n na ìka síwájú.

“Iná pupa kan ń wò wá níbẹ̀ yẹn.”

Ìyá Agbẹ̀bí wò ó. Àwòrán agolo ọ́ìlì kékeré ni. “Ẹ jẹ́ ká délé ná, ẹ̀gbọ́n. Ilé ò jìnnà mọ́.”

Wọn ò délé. Ariwo ẹ́ńjìnnì náà le sí i, ọkọ̀ náà gbọ̀n, ó sì kú sáàárín títì. Ọkọ̀ ẹ̀yìn ń fọn fèrè. Ìyá Agbẹ̀bí sọ̀ kalẹ̀, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ń jù ú fìrìfìrì kí ẹnikẹ́ni má baà wá kọlù wọ́n. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, kò lè dá sọ̀, òógùn bò ó. Àwọn bíríkìlà méjì tó ń kọjá ló bá wọn ti ọkọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n sì rọra tì í dé iwájú ilé.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, wọn ò lè lọ sí ọsibítù. Takisí tí wọ́n dá dúró ò ní sùúrù; kí ẹ̀gbọ́n tó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, awakọ̀ ti ní òun ń lọ. Ọjọ́ Ẹtì tún kọjá. Ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ti ń là díẹ̀díẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ká padà. Ìyá Agbẹ̀bí rí i. Ó wọ ilé ìdáná lọ, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Bàbá Dẹ́rẹ́bà wá wò wọ́n. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yọ irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì. Ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn dúdú, ó ki bí ọ̀dà.

“Ìyá Agbẹ̀bí, mo ti ṣì yín lọ́nà,” ni bàbá náà wí, ojú sì tì í. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ gbọ́, mo mọ ẹnì kan tó ní òǹtẹ̀ mẹkáníìkì. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì, kó fi ọjọ́ àtẹ̀yìnwá sí i, kó lè jọ pé ẹ ti ṣe sáfíìsì. Ta ni yóò mọ̀?”

Ìgbà yẹn ni Ìyá Agbẹ̀bí tó mú ìwé pélébé náà jáde. Ó ya ọ̀rá ara rẹ̀. Ojú ìwé kẹrin ni ọ̀rọ̀ náà wà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: sáfíìsì ní gbogbo oṣù mẹ́fà, tàbí ní gbogbo ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kìlómítà, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé; ẹni tí kò bá ṣe é lè pàdánù wárántì.

Ó jókòó sórí àga, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ta ni kò ní wọ̀ lọ́kàn?

“Agbẹ̀bí,” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é láti orí ibùsùn, “apá òsì mi ni kò ṣiṣẹ́ o, etí mi ń ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ. Bí ẹ bá tẹ òǹtẹ̀ sínú ìwé, ṣé ọ́ìlì inú ọkọ̀ mọ̀wé kà?”

Bàbá Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín láìmọ̀. Ìyá Agbẹ̀bí pa ìwé náà dé.

Ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ ló gbé e dé iléeṣẹ́ náà ní ọjọ́ Ajé. Obìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù ló gbà á lálejò. Ẹnjiníà ni, òun ló ń bójú tó sáfíìsì. Ó gbé àga fún un, ó wo kọ̀ǹpútà, ó tún un wò.

“Màmá, mi ò rí sáfíìsì kankan níbí. Ṣé ibòmíràn lẹ ti ṣe é? Bí rìsíìtì bá wà lọ́wọ́ yín, tó hàn pé ọ́ìlì tí ìwé yín sọ ni wọ́n lò, a ṣì lè gbé e yẹ̀ wò.”

Ọ̀nà láti parọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Agbẹ̀bí gbé ojú sókè.

“Mi ò ṣe é níbì kankan, ọmọ mi. Mo rò pé torí kò rìn jìnnà, kò nílò rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kìlómítà kò tíì pé.”

“Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀, Màmá, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Àmọ́ ìrìn kúkúrú gan-an ló ń da ọ́ìlì láàmú. Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná dáadáa, ẹ ti débi tí ẹ ń lọ, ẹ ti pa á. Omi tó yẹ kí ooru gbẹ á wà níbẹ̀, á dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì á ki, á dí ọ̀nà tó ń gbà kọjá.”

“Ìyẹn ni pé bí mi ò tilẹ̀ wà á, ọ́ìlì yẹn ń gbó?”

“Bí oògùn inú páálí ni, Màmá. Ẹ lò ó, ẹ ò lò ó, ọjọ́ rẹ̀ ń lọ.”

Ìyá Agbẹ̀bí mi orí títí. “Ó ga o. Àwọn aláboyún máa ń sọ fún mi pé, ‘Màmá, ara mi le, kí ni mo fẹ́ wá ṣe ní kílíníìkì?’ Màá bú wọn dáadáa. Màá ní ọjọ́ tí ara le gan-an ló yẹ ká wò ó. Èmi náà rèé.”

Ẹnjiníà ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kó fún òun ní ọjọ́ méjì kí òun tú ọkọ̀ náà wò. Nígbà tí ọjọ́ méjì pé, ó pè é, ó sì ṣàlàyé láìfi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ẹ̀rọ atẹ́gùn yẹn, àléébù láti ilé tí wọ́n ti ṣe é ni; àìṣe sáfíìsì kọ́ ló bà á jẹ́, nítorí náà wárántì bo ìyẹn, wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n páátì tó bàjẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì tó gbó ló fà á. Ìyẹn di ọrùn ẹni tó ni ọkọ̀.

“Ọmọ mi, ṣé kò sí bí ẹ ṣe lè ṣàánú mi?”

“Mo ti bá ọ̀gá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Màmá. Wọn ò gbà. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹ́ńjìnnì náà ò kú. Bí a bá tún un ṣe tán, tí ẹ ò sì pa sáfíìsì jẹ mọ́, wárántì ìyókù ọkọ̀ náà ṣì wà. Ẹ jọ̀ọ́, bí iná pupa yẹn bá tún tàn láéláé, ibi tó bá ti tàn ni kí ẹ dúró sí. Ká ní ẹ dúró lọ́jọ́ yẹn, bóyá ìbàjẹ́ ọ̀hún ò bá má pọ̀ tó báyìí.”

Owó tí Ìyá Agbẹ̀bí fẹ́ fi tún òrùlé ṣe ló bá ọkọ̀ lọ. Ó dùn ún wọra, kò sì fi pamọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ náà fi wà ní iléeṣẹ́. Bàbá Dẹ́rẹ́bà ò jókòó lásán ní tirẹ̀. Ó wá ọkùnrin kan tó ti kọ́ níṣẹ́ awakọ̀ rí, tó ń wa takisí báyìí, ó ní kó máa fi sùúrù gbé ẹ̀gbọ́n lọ sí ọsibítù, kó sì máa dúró dè é. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ padà síbẹ̀ kò dáa rárá. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wọ́n máa tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Awakọ̀ takisí yẹn náà kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ìtàn náà, ó bi Ẹnjiníà lórí fóònù pé oṣù mẹ́fà ọkọ̀ tuntun tòun, tó jẹ́ irú ti Ìyá Agbẹ̀bí, kù díẹ̀ kó pé, ṣé kí òun dúró?

“Kìlómítà mélòó lẹ ti rìn?”

“Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún.”

“Ẹ̀yin ti pẹ́ sẹ́yìn nìyẹn! Kìlómítà ló kọ́kọ́ pé ní tiyín. Ẹ máa gbé e bọ̀ lọ́la.”

Ẹ̀yin tí ẹ ra ọkọ̀ tuntun, ìmọ̀ràn wa rèé. Bí ọkọ̀ ò bá pariwo, kò túmọ̀ sí pé kò ní ìṣòro. Iye oṣù àti iye kìlómítà yàtọ̀ láti ọkọ̀ kan sí èkejì, nítorí náà ìwé ọkọ̀ tiyín ni kí ẹ kà, kì í ṣe ẹnu aládùúgbò. Èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí ẹ bá ń rìn nínú eruku tàbí tí ẹ ń fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ ajé, ẹ béèrè bóyá ó yẹ kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé sórí fóònù tí ẹ ò mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ẹ má tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má sì kàn pa á rẹ́; nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ọkọ̀ yín ni kí ẹ pè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà kí ẹ tó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn. Ẹ rí i pé wọ́n tẹ òǹtẹ̀ òtítọ́ sí ìwé yín, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Bí nǹkan kan bá ti bàjẹ́, ẹ sọ òótọ́, torí kì í ṣe gbogbo wárántì ló máa ń lọ nítorí àṣìṣe kan.

Ẹ wo ọjọ́ tí ẹ gba ọkọ̀ yín. Ẹ ka oṣù tí ìwé yín sọ kún un. Bí ọjọ́ náà bá ti kọjá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Ẹ pe iléeṣẹ́ tó tà á fún yín lónìí.