Omi Tí Ìbíjọkẹ́ Kò Tọ́ Wò

Wọ́n ti sin Baálẹ̀ Bùsàrí kí Sọ̀fíyàt tó gbọ́ pé ó kú. Ẹlẹ́ja kan láti Ejinrin ló bá a ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ ní Ikorodu.

"Àná ni wọ́n sin ín. Ṣé Fàwáz ò pè ọ́ ni?"

Fàwáz ọmọ Baálẹ̀ ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Kò pè.

Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ní ìyá ìyá rẹ ló fi omi pa á. Wọ́n ní kó kúrò nílùú kí wọ́n tó kírun Jímọ̀."

Ọjọ́bọ̀ lọjọ́ náà. Sọ̀fíyàt fi aṣọ oníbàárà há ẹnu ẹ̀rọ, ó sáré wọ ọkọ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn omi náà ní Èbúté-Àràbà, ìlú wọn. Láyé àtijọ́, àwọn ìjòyè kan dìtẹ̀ mọ́ Ọba nígbà tó wá kí wọn. Obìnrin kan láti ilé Màmá Ìbíjọkẹ́, ìyá ìyá Sọ̀fíyàt, ló gbé omi fún Ọba. Ọba mu ún, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Ẹnikẹ́ni ò mọ ìjòyè tó po májèlé. Ọwọ́ tó gbé igbá nìkan ni wọ́n rí. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè wọ́n nílé àjẹ́. Obìnrin ilé náà kò gbọdọ̀ fún èèyàn lómi láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú ẹni náà. Nígbà tí Sọ̀fíyàt wà ní kékeré, ó rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe nìyẹn.

Nígbà tó dé, òwìwí kan bà lé òrùlé Màmá lọ́sàn-án gangan, àwọn ọmọdé ń sọ ọ́ lókò. Òkò ń ró gbàgà-gbàgà lórí páánù. Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹja gbígbẹ.

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Baálẹ̀ béèrè omi. Mo fẹ́ tọ́ ọ wò, ó ní kí n má tọ́ ọ, pé ìtìjú ni. Fàwáz wà níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Àádọ́ta ọdún ni mo fi tọ́ omi wò fún wọn. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mi ò tọ́ ọ, ọjọ́ náà ni ikú ráyè."

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, Sọ̀fíyàt wọ àgbàlá Baálẹ̀. Àwọn àgbà ti pé jọ. Tìrìmísíyù, àbúrò olóògbé, tí wọ́n fẹ́ fi jẹ Baálẹ̀, ló jókòó láàárín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi Fàwáz. Ṣé Màmá ló kọ̀ láti tọ́ ọ wò, àbí Baálẹ̀ ló ní kí wọ́n má tọ́ ọ?"

"Aránṣọ Ikorodu," Tìrìmísíyù ní, "ṣé abẹ́rẹ́ ẹ ti ṣẹ́ ni?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Fàwáz ń wolẹ̀. "Mi ò rántí dáadáa."

Ohùn obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì fèrèsé. Mọ̀nsúrát ni, ìyàwó kékeré Baálẹ̀, tó wà nínú opó.

"Èmi rántí. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àyà ti ń dun Baálẹ̀, tí kò jẹ́ ká gbé òun lọ sí ọsibítù. Bí Màmá Ìbíjọkẹ́ ṣe gbé ife lọ tán, Baálẹ̀ sọ fún Fàwáz pé, 'Bàbá ńlá wa ló po nǹkan yẹn fún Ọba. Ilé tiwọn kàn gbé igbá ni. Màá fẹnu ara mi sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀.' Fàwáz, ṣé mo purọ́?"

Fàwáz mi orí. "Ẹ ò purọ́."

Tìrìmísíyù ṣí fìlà, ó tún dé e. "Ẹ fi ìyá náà sílẹ̀," ó ní.

Fàwáz sáré bá Sọ̀fíyàt létí ọ̀sà. "Sọ̀fí, oyè ilé wa ni mo rò. Mo fẹ́ kí wọ́n fi Bàbá Tìrìmísíyù jẹ ẹ́ ná, lẹ́yìn náà màá mú Màmá padà wálé."

"Láti ibo?"

"Láti ọ̀dọ̀ rẹ ní Ikorodu. Mo mọ̀ pé o máa gbà wọ́n."

Sọ̀fíyàt wò ó. Ó ti pẹ́ tó ti ń ro yàrá tí wọn yóò jọ gbé, fèrèsé tó kọjú sọ́sà, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé tó ti rán pamọ́.

"Fàwáz, mi ò ní fẹ́ ọ mọ́. Má rán ẹnikẹ́ni sí mi."