Aṣọ Tuntun Lórí Òwú Jíjẹrà

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, bóyá nínú mọ́tò lo wà, bóyá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ lo jókòó sí, jọ̀wọ́ má tíì jù ú nù. Ìtàn yìí yóò rí ọ lára. Ó rí èmi tí mo kọ ọ́ lára náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ òórùn ara rẹ̀ ló ń wá omi ìwẹ̀.

Ní Múṣín, lẹ́yìn ọjà Ojúwoyè, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ọláṣùpọ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Tìmùtìmù ló ń rán, èyí tí àwọn ènìyàn ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì sùn. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí, tí èrò ń wọ́ wá sí Èkó láti ibi gbogbo, ta ni kò nílò ohun tí yóò fẹ̀yìn lé? Ọjà Ọláṣùpọ̀ ń tà wàràwàrà. Aṣọ rẹ̀ a máa mọ́, bàtà rẹ̀ a máa dán, ìlà iwájú ló sì ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Inú tìmùtìmù rẹ̀ ni kí a wò.

Òwú igi àràbà ló yẹ kó wà níbẹ̀. Òwú yẹn mọ́, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ọláṣùpọ̀ wá dá ọgbọ́n kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí aláìsàn bá kú, àwa kì í tún sùn sórí ibùsùn tó kú lé. Àwọn ẹbí a gbé e lọ sí ààtàn, wọn a bo imú, wọn a sì kẹ̀yìn sí i láì wẹ̀yìn wò. Ọláṣùpọ̀ ní tirẹ̀ a máa dúró dè wọ́n. Bí wọ́n bá ti lọ tán, yóò tú u, yóò kó òwú inú rẹ̀ sínú àpò: òwú tí ìtọ̀ ti rin gbingbin, tí ọyún ti dì mọ́ bí ẹ̀kọ tútù, tí ìdun ń rìn fàlàlà nínú rẹ̀. Yóò sá a sóòrùn, yóò fi igi lù ú títí yóò fi wú, yóò wọ́n lọ́fínńdà sí i, yóò sì rọ ọ́ sínú aṣọ tuntun onílà.

Ẹ̀gbin ni. N kò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Ọwọ́ tó fi ń kó o náà ló sì ń tẹ́ gba oúnjẹ Olúwa ní ọjọ́ Ìsinmi.

Kò gbé irú rẹ̀ wọlé tirẹ̀ o. Òwú tó mọ́ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Kò jẹ́ kí Àríkẹ́ ìyàwó rẹ̀, tàbí Kíkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, fara kan ọjà tó ń tà fún ọmọ ẹlòmíràn. Síbẹ̀, Ọláṣùpọ̀ kò rí oorun sùn. Bó bá ti dùbúlẹ̀, ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í yún un níbi tí kò sí ìdun kankan. Ó ní ẹ̀jẹ̀ òun ló gbóná. Ó mu àgbo, ó mu ògógóró. Nígbà tí ìyẹn kò ràn án, ó jáwọ́ nínú ọtí ní àkókò Lẹ́ǹtì, ó sì ra àga tuntun fún ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lẹ́yìn. Oorun kò wá. Ó ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Oyèníran, tó ń fi aṣọ bo àga ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ló máa ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀gá kan náà ló kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́. Ọ̀mùtí paraku ni Oyèníran tẹ́lẹ̀, gọ́tà ni ilé rẹ̀, kí Olúwa tó gbé e kúrò níbẹ̀. Ó máa ń sọ fún Ọláṣùpọ̀ pé kò sí ìgò tí ìsinmi wà nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ Jésù nìkan ló wà. Ọláṣùpọ̀ a rẹ́rìn-ín. Yóò bi í pé láti ìgbà wo ni ẹni tí wọ́n ń wọ́ kúrò ní gọ́tà lánàá ti di olùkọ́ ẹni tó ń jókòó sí ìlà iwájú.

Ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tó yá, Kíkẹ́ rí ọkọ fẹ́. Christopher ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Ìjọra. Wọ́n gba yàrá àti pálọ̀ sí Àgùdà. Lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ ló ń ra ibùsùn. Àbùkù ni fún baba ìyàwó láti ru tìmùtìmù tẹ̀lé ọmọ rẹ̀, bí ẹni pé ọmọ ọ̀hún kò níyì lójú ọkọ. Ọláṣùpọ̀ kò dá sí i. Ìgbàkígbà tó bá sì lọ kí wọn, pálọ̀ ló ń mọ. Baba wo ni yóò wọ yàrá tí ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń sùn? Yóò jẹun, yóò mu bíà tí àna rẹ̀ gbé kalẹ̀, yóò kí wọn, yóò sì máa lọ. Kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn kọ́tìnì.

Kíkẹ́ bímọ, wọ́n sọ ọ́ ní Adéfúnmiláyọ̀. Àríkẹ́ kó lọ sí Àgùdà láti máa wẹ ọmọ tuntun. Ó ṣàkíyèsí pé bí òjò bá ti rọ̀, yàrá a máa rùn. Ó rò pé eku ló kú sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó wá a títí, kò rí i. Láìpẹ́, ara ọmọ sú wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Èyí tó sú di egbò, egbò gba ọyún, ọyún ń ṣàn lẹ́yìn ọmọ tí kò tíì mọ ẹ̀rín í rín. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì bèèrè ohun tí ọmọ náà ń sùn lé.

Ìbéèrè yẹn ló la Àríkẹ́ lójú pé tìmùtìmù ló ń rùn. Ó fi Kíkẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọ, òun àti Christopher padà sí Àgùdà, wọ́n gbé tìmùtìmù náà sẹ́yìn mọ́tò akẹ́rù, ó di Múṣín. Ta ni wọn ì bá gbé e lọ bá, bí kò ṣe bàbá Kíkẹ́ tó mọ̀ nípa tìmùtìmù ju gbogbo wọn lọ?

Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù, òórùn ti kọ́kọ́ sọ fún àdúgbò pé nǹkan dé. Àwọn ènìyàn pé lé e lórí. Ọláṣùpọ̀ kò bèèrè ibi tí wọ́n ti rà á. Ó ṣáà fi ọ̀bẹ la aṣọ rẹ̀ gbàràgàdà. Ìdun tú jáde. Òwú inú rẹ̀ ti dúdú, ó ti dì, ó ń yọ̀ bí ilá àná. Láàrin rẹ̀ ni aṣọ kan wà tí wọ́n fi di egbò ẹnìkan rí, ọyún ti gbẹ mọ́ ọn. Obìnrin kan sáré lọ bì sí gọ́tà.

Ọláṣùpọ̀ rántí ohun tí wọ́n sọ fún un nípa ẹ̀yìn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè níwájú gbogbo wọn, ó ní, "Ẹni tó rán eléyìí fún ọmọ mi, kó má rí ibi gbé orí ẹ̀ lé láyé, kó má sì rí i lọ́run."

Gbogbo àdúgbò ní àmín. Ohùn Àríkẹ́ ló ròkè jù.

Ọláṣùpọ̀ wá yí igun tìmùtìmù náà wò, kó lè mọ irú alápatà tó ṣe iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọláṣùpọ̀. Gbogbo oníṣẹ́ tó kù, ọ̀tún ni wọ́n ń yí okùn sí bí wọ́n bá ń di kókó igun. Òun nìkan ló ń yí i sí òsì, ọ̀gá wọn lù ú lù ú nítorí rẹ̀, kò jáwọ́. Kókó tó wà níwájú rẹ̀ yìí, òsì ló yí sí. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ara rẹ̀ bù máṣọ. Kò lè gbé ojú sókè.

Christopher ní ọwọ́ Tìrìmísíyù ní Tẹ́júoṣó lòun ti rà á. Òtítọ́ ni; Tìrìmísíyù ń ra ọjà lọ́wọ́ Ọláṣùpọ̀, kò mọ inú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ń ká apá aṣọ, wọ́n ti ń mú igi. Wọ́n bi Ọláṣùpọ̀ bóyá kí àwọn máa lọ bá a. Ẹ̀yin ará, ọkùnrin yìí mi orí pé kí wọ́n máa lọ. Gbogbo òwú jíjẹrà tí mo ti ń sọ láti òkè, kò sí èyí tó rí mi lára tó orí tó mì yẹn.

Oyèníran ti rí kókó okùn náà. Ó di ọwọ́ Christopher mú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má tíì lọ, kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀. Ó fa Ọláṣùpọ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, sáàrin àwọn àpò òwú.

Ó ní, "Ọláṣùpọ̀, ọwọ́ rẹ ni mo rí lára nǹkan yẹn. Ṣé wàá jẹ́ kí wọ́n lọ pa ọmọ ọlọ́mọ ni?"

Ọláṣùpọ̀ bì. Nígbà tó bì tán, ó jókòó sílẹ̀, ó ní láti òní lọ, òwú tó mọ́ ni òun yóò máa lò, kí Oyèníran ṣáà bo òun láṣìírí.

Oyèníran ní, "Aṣọ tuntun náà lo tún fẹ́ rán yẹn. Wòlíì Aísáyà sọ̀rọ̀ ibùsùn kan tó kúrú ju ẹni tó fẹ́ nà lé e lọ, àti aṣọ ìbora tí kò fẹ̀ tó ẹni tó fẹ́ fi bora. Ibẹ̀ lo ti ń sùn láti ọjọ́ yìí. Jésù ò wá torí aṣọ ìta. Inú ló fẹ́ tú."

"Mo ti fi ẹnu ara mi ṣépè fún ara mi," ni Ọláṣùpọ̀ wí. "Ìyàwó mi ti ṣe àmín sí i. Kí ló tún kù fún mi?"

Oyèníran kúnlẹ̀ tì í. "Ẹnìkan ti sọ ọ́ rí pé ihò wà fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ìtẹ́ wà fún ẹyẹ, àmọ́ òun ò ní ibi tí òun máa gbé orí òun lé. Ṣé o rò pé ilé ni ò rí gbà? Èpè tìẹ yẹn ló wá rù. Orí igi ló gbé orí ẹ̀ lé nígbẹ̀yìn, kí ìwọ lè rí àyà ẹ̀ gbé tìẹ lé."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọláṣùpọ̀ lára. Òun tó ti gbọ́ ìwàásù títí, kò mọ̀ rí pé òun gan-an ni wọ́n ń bá wí. Ó dojú bolẹ̀ láàrin ẹ̀gbin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kó jọ, ó sì sọ ohun gbogbo fún Ọlọ́run, ó ń dárúkọ àwọn ẹbí olóòkú tó ti dúró dè ní ààtàn níkọ̀ọ̀kan. Kò fi lọ́fínńdà kankan sí i. Ó bẹ Jésù pé kó gba òun bí òun ṣe ń rùn yìí.

Nígbà tó dìde, ó jáde lọ bá wọn. Ó ní, "Ẹ má lọ bá Tìrìmísíyù. Èmi ni mo rán an. Inú ààtàn ni mo ti kó òwú ẹ̀."

Àríkẹ́ tú gèlè orí rẹ̀, ó fi bo imú, kì í sì í ṣe nítorí tìmùtìmù mọ́. Àwọn kan tutọ́ sílẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọláṣùpọ̀ kó gbogbo ọjà inú ṣọ́ọ̀bù síta, ó sì ní kí wọ́n bá òun dáná sun ún. Èéfín rẹ̀ rùn débi pé ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ tú.

Láti ibẹ̀, ó lọ sí ọsibítù ní Yaba. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó bí, ohun tí baba kì í ṣe, ó sì sọ ọ́ fún un láì bu iyọ̀ sí i. Ó na ọwọ́ sí ọmọ ọmọ rẹ̀.

Kíkẹ́ ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án, bàbá."

Kò bá a jà. Ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì onígi kan. Ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ rí i, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ ní Múṣín, iṣẹ́ rẹ̀ ti di eérú. Ó gbé orí lé igi líle yẹn, ó ní, "Jésù, ìwọ nìkan ló kù." Oorun sì gbé e lọ, oorun ọ̀sán tó wọra, àwọn nọ́ọ̀sì ń yà fún un bí wọ́n ti ń kọjá.

Ọmọ náà yè, a dúpẹ́. Àpá wà lẹ́yìn rẹ̀, kò ní parẹ́. Ó pẹ́ kí Kíkẹ́ tó lè wo ojú bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń wò ó bó ṣe ń rán òwú mímọ́ ní ìta gbangba, kí ẹni tó bá ń kọjá lè wo inú rẹ̀. Ó sì rí i pé kì í ṣe aṣọ ìta ló yí padà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Kíkẹ́ gbé Adéfúnmiláyọ̀ lé e lọ́wọ́. Ọmọ náà fi orí ti àyà rẹ̀, ó sì sùn lọ.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Aṣọ rẹ mọ́, n kò jiyàn. Kí ló wà nínú? Obìnrin tí ò ń fi pamọ́ sí Yaba nígbà tí ìyàwó rẹ ń gbàdúrà fún ọ nílé? Oògùn tí o rán mọ́ bẹ́líìtì tí o sì ń wọ̀ lọ gba oúnjẹ Olúwa? Irọ́ tí o pa mọ́ aláìṣẹ̀ tí ìyà rẹ̀ sì jẹ ẹ́? O ti fi àánú ṣíṣe bò ó, o ti fi ipò nínú ìjọ bò ó. Òórùn rẹ̀ ń jáde. Ìdí nìyẹn tí ìwọ náà kò fi rí oorun sùn.

Ènìyàn yóò bo imú fún ọ lọ́jọ́ tí inú rẹ bá tú. Ọlọ́run ti gbọ́ òórùn náà tipẹ́, kò bo imú. Ọmọ rẹ̀ ló rán wá sínú rẹ̀. Ohùn kan náà ṣì ń pè yín, ẹ̀yin tí ẹrù ń wọ̀ lọ́rùn, pé kí ẹ wá gba ìsinmi.

Má ṣe dúró dìgbà tí ìyàwó rẹ yóò ṣe àmín sí èpè rẹ. Níbi tí o wà yìí, kí o tó fi ìwé yìí sílẹ̀, sọ fún un pé: Jésù Olúwa, tú inú mi, má bá mi rán aṣọ tuntun. Lónìí ni kí o sọ ọ́. Ibi tí wàá gbé orí rẹ lé ti wà nílẹ̀.